Ẹ̀jẹ̀ Tí Ṣọ́ọ̀ṣì Ti Yẹ̀ Wò

Orí àpótí ni mo gùn kí n tó lè wọn èjìká Dàpọ̀, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá rán sùtánà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkókómàíkò. Ó ní bí mo bá máa já bọ́, kí n já bọ́ sọ́dọ̀ òun. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n mo tún èjìká náà wọ̀n.

Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó so wá pọ̀, wọ́n ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí jẹ́nótáìpù àti éèdì. Gbogbo rẹ̀ dára, a sì ṣègbéyàwó.

Nígbà tí mo lóyún, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mi ní ọsibítù kan ní Ọ̀jọ́. Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ wà lára mi. Kò síbi tó ń dùn mí. Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé ó lè jẹ́ ara ìyá mi ni mo ti gbé e wáyé. Tí wọ́n bá fún ọmọ tèmi ní abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí mo bí i gan-an, ó ṣeé ṣe kó bọ́.

Ìyá ọkọ mi ò gbà. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó mọ́. Ta ló wá kó o ràn mí lẹ́yìn ìgbéyàwó? Wọ́n ya ife mi sọ́tọ̀. Wọ́n ní ilé àgbẹ̀bí ìjọ ni màá bímọ sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́. Wọn kì í gún ọmọ lábẹ́rẹ́ níbẹ̀.

Dàpọ̀ gbé ìrọ̀rí rẹ̀ kúrò ní yàrá wa. Pálọ̀ ló ń sùn. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lọ. Oyún ń rẹ̀ mí, iṣẹ́ ń rẹ̀ mí, àlàyé ló wá rẹ̀ mí jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọlé pẹ̀lú òwú lápá. Ó ti lọ bá nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀. Kò sí lára tiẹ̀, wọ́n sì ti fún un ní abẹ́rẹ́ ìdènà.

Ó ní, “Màámi, èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì ní ká ṣe, wọn ò wá àrùn ẹ̀dọ̀ níbẹ̀ rárá. Ọsibítù ló máa bímọ sí.”

Dàpọ̀ yíjú sí mi.

“Àbẹ̀kẹ́ mi, mo fura sí ẹ. Má bínú.”

Mo ní inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n kó wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Àárọ̀ ni mo bí Faith. Wọ́n gún un ní itan méjèèjì, ó ké, Dàpọ̀ tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú náà ń sunkún. Wọ́n ní ó di ìgbà tó bá dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ wò.

Ìyá ọkọ mi gbé tíì wá láti ilé, wọ́n bù ú sínú ife mi. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n ní ó ti tutù tó, kí wọ́n tó nà án sí mi.

Mo mu ún tán, mo sì sùn.