Àwo Tánganran Àrínọlá

Àwo tánganran méjì ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ọ̀kan lórí èkejì, nígbà tí Jemimah kọ́kọ́ fojú kàn án. Kò tilẹ̀ wo ojú ọkùnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra!”

“Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, àfi bí arẹwà bá ń wò mí.”

Olútáyọ̀ ni, káfíńtà láti Olúpọ̀nnà. Ikán ló jẹ ìdí àpótí tí àwo mẹ́fà náà wà nínú rẹ̀, ni baba Jemimah, Díákónì Oyèlẹ́yẹ, fi ránṣẹ́ pè é. Àrínọlá, ìyá Jemimah, ló jogún àwọn àwo náà lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin tó ti kú, ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n jẹun. Baba ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fọ́ ọ̀kan kò ní tẹ ilé òun mọ́ láé.

“Àwo tí wọn kì í bu oúnjẹ sí, ebi ń pa á,” ni Olútáyọ̀ wí.

Jemimah rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ẹ̀rù ń ba òun.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan gba káfíńtà wa ní ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe àpótí nìkan ló ń kàn. Kí òjò ọdún náà tó dá, wọn kò lè fira wọn sílẹ̀ mọ́.

“Adúmáradán mi,” ni Olútáyọ̀ wí lọ́jọ́ kan, “mo ti ránṣẹ́ sí bàbá pé mo ń bọ̀ wá tọrọ rẹ ní Sátidé. Fi àwo màmá gbé oúnjẹ fún wọn. Bí wọ́n bá lè lo ohun tí màmá fi sílẹ̀, bóyá wọ́n á lè yọ̀ǹda ọmọ tí màmá fi sílẹ̀.”

“Bó bá fọ́ ńkọ́?”



Ní Sátidé, Jemimah bu iyán sínú àwo kan, ó bu ẹ̀gúsí sínú èkejì. Ọbẹ̀ ta sí i láṣọ. Ó gbé wọn sórí ẹní níwájú baba rẹ̀, ó kúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè. Baba wo àwo náà títí. Ó ṣanwọ́, ó bu òkèlè kan.

Ìgbà náà gan-an ni Olútáyọ̀ wọlé. Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kó wo ilẹ̀ kó tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Orí rẹ̀ gbá àwo ọbẹ̀, àwo lọ kọlu ẹsẹ̀ àga, ó fọ́ yángá.

Lójú Jemimah, ó ti parí nìyẹn. Olútáyọ̀ wà nílẹ̀, ẹ̀gúsí lórí, kò jẹ́ dìde.

Baba mú àfọ́kù kan nílẹ̀.

“Mẹ́jọ ni wọ́n nígbà tí mo gbé Àrínọlá níyàwó,” ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Ojoojúmọ́ la fi ń jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ́ méjì, ẹ̀rín ló sì ń rín. Mo ti gbàgbé ẹ̀rín yẹn.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Jemimah, mú àwo mìíràn wá. Bu oúnjẹ fún ọkọ rẹ.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bù ú sínú abọ́ páànù fún mi,” Olútáyọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ láti ilẹ̀.

“Dìde. Inú èyí lo máa jẹ.”

Àwo mẹ́rin ló bá Jemimah lọ sílé ọkọ. Ọ̀kan tó kù, inú rẹ̀ ni Díákónì Oyèlẹ́yẹ ti ń jẹ ẹ̀kọ láràárọ̀.