Ọgbà Abẹ́ Ilẹ̀ Tó Ti Tucker Mọ́ta

Ní ìgbèríko Vermont ní Amẹ́ríkà níbí, bí aládùúgbò bá kan ilẹ̀kùn kí kọfí àárọ̀ tó hó, ọ̀rọ̀ ń bẹ. Orrin Tuttle, tó ń sin àgùntàn, ló kan ilẹ̀kùn Lorraine Boucher, opó tó ń gbé ní òdìkejì títì.

"Wọlé, Orrin. Páì ṣì wà lórí tábìlì."

"Mi ò wá jẹun, Lorraine. Ajá rẹ tún wọ àárín àgùntàn mi lánàá. Ó lé abo kan tó lóyún títí oyún fi bọ́ lára ẹ̀."

Lorraine fọwọ́ bo ẹnu. "Áà! Pẹ̀lẹ́, jọ̀ọ́. Tucker kì í ṣe ìkà. Ó rò pé eré lòun ń ṣe ni."

"Eré ajá, ikú àgùntàn. O mọ ohun tí òfin fàyè gbà mí. Tó bá tún débẹ̀, ìbọn ni màá gbé. Kò ní dùn mọ́ mi nínú, àmọ́ màá yìn ín."

Bó ṣe lọ tán, Tucker gbé orí lé Lorraine lẹ́sẹ̀. Ray, ọkọ rẹ̀, ló tọ́ ajá náà dàgbà. Láti ìgbà tí Ray ti kú, àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé.

Lorraine ránṣẹ́ pe Dwight, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dwight dé pẹ̀lú wáyà àti ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀. Ó ri wáyà náà mọ́lẹ̀ yí àgbàlá ká. Ọ̀já ọrùn kan wà tí ajá máa wọ̀: bó bá ti sún mọ́ wáyà, ọ̀já náà á dún, bí kò bá yà padà, iná á ta á.

"Àsíá kéékèèké tó wà nínú páálí yìí ńkọ́?" Lorraine bi í. "Ṣé kò yẹ ká fi kọ́ Tucker ná?"

"Àǹtí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àṣejù àwọn tó ń tà á ni. Ẹ jẹ́ ká gbé iná yẹn sókè pátápátá. Tó bá ta á lẹ́ẹ̀kan, á gbọ́n."

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n Dwight ti na ahọ́n sí i. Wọ́n de ọ̀já mọ́ Tucker lọ́rùn, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan sáré kọjá. Tucker gbá tẹ̀ lé e. Ní etí àgbàlá, iná ta á. Ó ké, àmọ́ kàkà kó padà, iwájú ló fò sí. Ó sọdá títì, ó di ẹ̀gbẹ́ pápá Orrin.

"Tucker! Máa bọ̀, ọmọ mi!"

Ajá náà sáré bọ̀ lóòótọ́. Bó ṣe dé etí àgbàlá, iná tún ta á. Ó sá padà. Lorraine tún pè é, ó tún wá, ó tún ké.

Ni Orrin bá yọ láti ẹ̀yìn abà, tòun tìbọn.

"Orrin, mo bẹ̀ ẹ́!" Lorraine ké.

"Ẹ má bẹ̀ wọ́n mọ́, Àǹtí," Dwight ní. "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

Orrin ń wo ajá náà. Ẹ̀yìn ló kọ sí àgùntàn. Ilé ló tẹjú mọ́, ó ń sunkún. Orrin yọ ọta inú ìbọn, ó gbé e sílẹ̀ lórí koríko.

"Ta ló ri wáyà síbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Ajá yìí gbọ́ fèrè dáadáa. Ìwọ lo dínà mọ́ ọn! Wáyà ò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Bó ṣe ń ta ẹni tó ń jáde, bẹ́ẹ̀ ló ń ta ẹni tó ń wọlé. Sáré lọ pa iná náà!"

Dwight sáré lọ pa iná. Síbẹ̀ Tucker ò gbà láti kọjá. Orrin bẹ̀rẹ̀, ó tú ọ̀já náà, ó gbé e kọ́ èjìká bí ọmọ àgùntàn, ó sì gbé e sọdá.

"Tí mo bá fẹ́ kó àwọn ọmọ àgùntàn sínú ọgbà oníná," ó ní, "mo máa ń so àkísà funfun mọ́ wáyà. Ojú wọn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ara wọn tó mọ̀ ọ́n. Èyí tí mi ò bá kọ́, iwájú ló ń sá sí. Bí ajá náà ṣe rí nìyẹn."

"Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn, Orrin?"

"Rárá o. Gún àwọn àsíá yẹn mọ́lẹ̀ síbi tí ọ̀já ti ń dún. Máa fi okùn mú un lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, láìtan iná tó ń ta á. Tó bá ti dún, fà á padà, fún un lẹ́ran díẹ̀. Ọjọ́ tó bá ń yà padà fúnra ẹ̀ lo tó lè tan iná, kékeré náà sì ni. Ìwọ Dwight, ṣé o pe àwọn tó ń sàmì sí ibi tí wáyà iná àti páìpù gáàsì wà kó o tó gbẹ́lẹ̀?"

Dwight ń wo bàtà ẹ̀. "Mi ò pe ẹnì kankan, sà."

"Orí Lorraine ló yọ ẹ́."

"Ìbọn yẹn wá ńkọ́?" Lorraine bi í.

"Má jẹ́ kó jáde láìsí okùn títí tó fi máa mọ ààlà ẹ̀. Tó o bá ṣèyẹn, ìbọn á wà lórí ìkọ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ri irú wáyà yìí, ẹ pe 811, nọ́ńbà àwọn tó ń sàmì sí ibi tí wáyà àti páìpù wà, kẹ́ ẹ tó gbẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ má lọ gé ohun tó máa gbẹ̀mí. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ́ ajá yín pẹ̀lú àsíá àti okùn. Ẹ máa tú ọ̀já náà lálẹ́ kó má di egbò sí i lọ́rùn, kẹ́ ẹ sì máa wo bátìrì ẹ̀. Ẹ rántí pé wáyà yìí ò lè dá ẹranko mìíràn dúró kó má wọlé bá ajá yín. Tó bá sì jáde, ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó pè é. Ọgbà tí a ò fi han ajá, pàkúté la rì mọ́lẹ̀ de ọ̀rẹ́ wa.