Àwọn Hunkẹtọ̀ Kì í Kọjá Ọ̀sà

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó fi ìwé yìí dáná. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó. Ìyókù, èmi ni mo kọ́ ara mi nídìí àtẹ. Ṣùgbọ́n etí mi ò di, orí mi ò sì dàrú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Àgbádárìgì, ní ojúmọmọ, ọmọ tí mo bí ló sì ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òkun. Ẹni tí wọ́n bí sí Àgbádárìgì kì í gbọ́ ọ. Ó ń hó lọ́hùn-ún lẹ́yìn ọ̀sà, tọ̀sán-tòru, bí ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Etí wa ti bá a dàgbà. Bó bá dákẹ́ lèèyàn tó máa mọ̀ pé òun ti ń gbọ́ ọ látọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Àmọ́ òkun kì í dákẹ́. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn.

Munirah ni àkọ́bí mi. Tíṣà ni. Ìjọba gbé e lọ sí ilé-ìwé kékeré kan ní abúlé tó wà lórí iyanrìn, láàárín ọ̀sà àti òkun. Ibẹ̀ ló ti rí Khaleel, ọmọkùnrin tó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe.

"Orúkọ bàbá rẹ̀ ńkọ́?" mo bi í.

"Hunkẹtọ̀."

"Hun kí ni? Ará ibo nìyẹn?"

"Ará ibẹ̀ náà ni wọ́n, Màmi. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o."

Mo bẹ̀rẹ̀ ni. Ìyá wo ló ń fọ́mọ fọ́kọ láìwádìí? Mo béèrè ní Àpá, wọn ò gbọ́ orúkọ náà rí. Mo béèrè ní Ìmẹ̀kẹ, wọn ò gbọ́ ọ rí. Àwọn awakọ̀ tó máa ń ra ike nídìí àtẹ mi ní Ibẹrẹko kí wọ́n tó kọjá bọ́dà, mo ní kí wọ́n bá mi béèrè lọ́nà. Wọ́n mú èsì bọ̀. Ilé kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀. Ilé kan wà ní Wídà, ilé kan ní Pòpó. Gbogbo wọn, etí òkun, lórí iyanrìn, bí ẹni fi ìka kan ṣoṣo fa ìlà sétí omi. Kò sí ẹyọ kan ní Èkó. Kò sí ní Àjàṣẹ́, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀sà ló wà. Mo fi fóònù wá a títí dé ìlú òyìnbó. Òfo.

Mo béèrè bóyá wèrè wà nínú ẹbí náà, bóyá wárápá wà, bóyá olè wà. Kò sí. Inú mi tiẹ̀ dùn. Orúkọ tí kò wọ́pọ̀, àwọn tó máa bà á jẹ́ náà ò ní pọ̀.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni inú ti kọ́kọ́ bí mi. Ẹbí ọkọ ò wá. Ọkọ gan-an ò wá. Aládùúgbò wọn kan tó ń jẹ́ Sirajudeen ni wọ́n rán, òun àti àwọn obìnrin mélòó kan, wọ́n ru oyin àti èso dé.

"Ọkọ ìyàwó dà?" mo ní.

"Ó kí yín, Màmá."

"Ó kí mi! Ṣé ìwọ náà ló máa bá a wọ yàrá ìyàwó ni? Ta ni kó dọ̀bálẹ̀ báyìí, ìwọ?"

Sirajudeen dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, Màmá. Àwọn Hunkẹtọ̀ kì í kọjá ọ̀sà ni."

"Nítorí kí ni? Ọba ni wọ́n?"

Ó ń wo ẹní.

Lọ́jọ́ yìgì, Sirajudeen náà ló tún ṣojú ọkọ, tó gba ìyàwó fún un. Àfáà ní ẹ̀sìn fàyè gbà á. Mo ń rojú, mo ń sín ìmú, mo fi ọmọ mi sínú ọkọ̀, ó kọjá sọ́hùn-ún.

Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n gbé iṣẹ́ Munirah padà wá sí Ibẹrẹko. Àràárọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ wá, ìrọ̀lẹ́ ló ń padà. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló ṣì ń jẹ́ nígbà yẹn.

Ó wá lóyún. Ó ní òun fẹ́ kí òun àti ọmọ òun máa jẹ́ orúkọ kan náà. Mo bá a lọ sí kóòtù láti lọ búra pé orúkọ ọkọ rẹ̀ ló ń jẹ́ báyìí. Akọ̀wé tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé náà, a sì jáde síta.

Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló di. Ọ̀kadà ń kọjá. Ọmọ kan ń polówó omi tútù. Ewúrẹ́ ń ké. Gbogbo ariwo ìlú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti kúrò nísàlẹ̀ wọn. Bàbá kan tó ń ṣe àlùwàlá lábẹ́ igi dúró, kẹ́tùlù lọ́wọ́, ó gbé orí sókè. Omi ń dà sílẹ̀. Kò mọ̀.

Òkun ti dákẹ́.

Mo yíjú sí Munirah. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀. Mo rí i tí ètè ń ṣiṣẹ́, mo rí i tí iṣan ọrùn ń le. Kò sí ohùn. Ó di ọrùn ara rẹ̀ mú. Ó ń mí bí ẹja tí wọ́n dà sórí pákó.

Mi ò mọ bí a ṣe dé èbúté. Múyìwá ló wà nínú ọkọ̀, ọlọ́kọ̀ tó máa ń gbé e. Èrò ti jókòó. Ó wo ojú Munirah, ó sì lé gbogbo wọn bọ́ọ́lẹ̀.

"Ó ti gba orúkọ wọn, àbí?" ló bi mí.

"O mọ̀ nípa rẹ̀?"

"Màmá, gbogbo ọlọ́kọ̀ ló mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì panu mọ́?"

"Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ̀mí rẹ̀ ń kúrú."

Ọ̀sà náà tẹ́jú bí tábìlì. Kò sí afẹ́fẹ́. Ìró ẹ́ńjìnì nìkan. Ní òdìkejì, mo rí àwọn èèyàn tó tò sórí iyanrìn, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé. Wọ́n kẹ̀yìn sí òkun. Àwa ni wọ́n ń wò. Ẹnikẹ́ni ò juwọ́.

Bí ẹsẹ̀ Munirah ti kan iyanrìn, òkun bú. Lójú ẹsẹ̀ kan náà ni mo gbọ́ ohùn ọmọ mi: "Màmi! Màmi! Màmi!" Ó ti ń pè mí látẹnu ọ̀nà kóòtù.

Màmá Dosi ni àgbà ilé wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá Khaleel, obìnrin tínrín bí igi ìwọ̀. Mo kò ó lójú. Mi ò kí i.

"Kí lẹ fi ọmọ mi ṣe?"

"Kuabọ̀, ìyá ìyàwó wa. Jókòó."

"Mi ò jókòó. Níbo lẹ ti wá? Ta lẹ̀yin Hunkẹtọ̀ gan-an?"

Ohùn Ègùn wà lẹ́nu rẹ̀. "A ò mọ̀. Wọ́n ní ibí yìí ni wọ́n ń gbà kó àwọn èèyàn lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó láyé ijọ́un. Ọkọ̀ kan lọ. Wọ́n wò ó títí tí kò fi hàn mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan ń bọ̀ láti inú omi, ó ń fẹsẹ̀ rìn. Ó ní òun ti inú ọkọ̀ tó lọ sọ̀ kalẹ̀."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?"

"Ìtàn náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa ọmọ rẹ̀ la wà yìí."

"Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tó bá kọjá ọ̀sà?"

"Òkun á dákẹ́ dè é." Ó gbé ojú kúrò. "Èyí tí kò bá tètè padà, òkun á tún máa hó. Àmọ́ ẹni yẹn ò ní sí mọ́."

Mo pè é ní àjẹ́. Ó ní, "É yọ́n, ovi ṣie," ó dára, ọmọ mi, lédè Ègùn, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìyẹn ló tún bí mi nínú jù.

Ǹ bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ mi máa gbé lẹ́bàá òkun rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyún di oṣù méje, nọ́ọ̀sì abúlé ní ibi ọmọ ló dí ojú ọ̀nà. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè gbà á là. Ilé ìwòsàn tó lè ṣe é, ìlú ló wà, ní òdìkejì ọ̀sà. Bó bá rọbí lórí iyanrìn, ẹ̀jẹ̀ máa pa á. Bó bá kọjá, èémí máa tán.

Khaleel ń sunkún bí ọmọdé. Èmi ò sunkún. Mo ní òǹtẹ̀ ló gbé orúkọ náà wọ̀ ọ́, òǹtẹ̀ náà ló máa bọ́ ọ. Mo lọ sí kóòtù. Mo fa akọ̀wé náà wọ ọkọ̀, ó ń ráhùn pé omi ń ba bàtà òun jẹ́. Mo ní n ó ra òmíràn fún un, kó ṣáà gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Lórí iyanrìn yẹn ni Munirah ti búra pé orúkọ bàbá òun lòun padà ń jẹ́.

Nígbà tí oyún pé oṣù, a wọ ọkọ̀. Múyìwá rọra ń wà á. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú. A dé àárín ọ̀sà. Òkun ń hó. A gúnlẹ̀ sí ìlú. Òkun ń hó.

"Sọ̀rọ̀," mo ní.

"Ẹ̀ẹ́kánná yín ń dùn mí, Màmi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Mo rò pé mo ti borí wọn.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń pe irinṣẹ́. Mo ń gbọ́ òkun lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ń retí igbe ọmọ.

Òkun dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ jáde. Obìnrin ni. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ojú rẹ̀ pọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń ké pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Kò sí ohùn. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, ìró fáànù nìkan ni mo gbọ́.

"Ó máa ké láìpẹ́," nọ́ọ̀sì ní.

Wọ́n ti so ike mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ, wọ́n kọ Hunkẹtọ̀ sí i. Mo fi eyín já a. Kò yí nǹkan kan padà. Èyí kì í ṣe ti òǹtẹ̀. Dókítà gbọ́ ọkàn rẹ̀, ó wo ọ̀fun rẹ̀, ó ní ohunkóhun ò ṣe é. Mo wo ètè ọmọ náà tó ń di dúdú. Mi ò dúró bi Munirah, oorun iṣẹ́ abẹ ṣì ń gbé e. Mo we ọmọ, mo sáré.

Khaleel ti wọ omi dé àyà níbi tí iyanrìn wọn parí sí. Ọkọ̀ ò tíì gúnlẹ̀ tó fi na ọwọ́. Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Òkun àti ọmọ bú papọ̀. Mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Títí dòní, tó bá ń ké, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ara Munirah yá. Ó padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, kò sì sóhun tó dí i lọ́nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọmọ lórúkọ. Mo lọ. Inú mi ò dùn. Ọmọ ọmọ mi ò ní rí ọjà mi láéláé, kò ní rí ilé mi, kò ní rí Èkó. Mo fẹ́ kí ohun kan lára rẹ̀ jẹ́ tèmi. Nígbà tí àfáà béèrè orúkọ, mo dìde kí Khaleel tó lanu.

"Safiyat," mo ní. "Orúkọ tèmi. Kò sẹ́ni tó máa bá mi dù ú."

Ẹnikẹ́ni ò bá mi dù ú. Màmá Dosi la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wò mí, ó tún pa á dé. Àfáà sọ ọ́ sí etí ọmọ. Safiyat Hunkẹtọ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, a jẹun.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo wọ ọkọ̀ Múyìwá. Èmi nìkan ni èrò. Oòrùn ń wọ̀, omi pọ́n. A ò tíì dé àárín ọ̀sà nígbà tí Múyìwá dẹwọ́ ẹ́ńjìnì. Ó yí orí padà sẹ́yìn, sí apá ọ̀dọ̀ òkun. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Kí lò ń wò mí sí?" mo ní. "Wà á lọ!"

Kò gbọ́ mi. Èmi náà ò gbọ́ ara mi.

Ó yí ọkọ̀ padà.

Orí iyanrìn ni mo wà báyìí. Munirah ló ń bá mi ta ike mi ní Ibẹrẹko bó bá jáde ní ilé-ìwé, èmi ni mo ń gbé ọmọ. Láná mo ní kó lọ bi akọ̀wé kóòtù yẹn fún mi. Ó lọ. Akọ̀wé ní kí n mú ìwé tí mo fi gba orúkọ Hunkẹtọ̀ wá, kí òun lè bá mi pa á rẹ́. Mi ò ní ìwé kankan. Mi ò búra rí. Mi ò jẹ́ ẹ rí. Orúkọ tèmi ni mo kàn fún ọmọ wọn. Kóòtù wo ló máa wá bọ́ ohun tí mi ò wọ̀?