Ọwọ́ Kẹta Lórí Irun

Oníbàárà kan ló kọ́kọ́ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ta ló tutù báyìí?" Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń di irun rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe tí irun bá pọ̀: èmi lápá òsì, òun lápá ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní afẹ́fẹ́ fáànù ni. Fáànù wa ti bàjẹ́ tipẹ́.

Nígbà tó yá, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti gbé apá ọ̀tún sókè, ọwọ́ náà á funfun, ìka á sì kú. Dókítà àkọ́kọ́ ní àárẹ̀ lásán ni, pé àròyé obìnrin pọ̀ jù. Inú bí mi gan-an. Dókítà obìnrin kan ló wá gbọ́ tiwa. Ó ní eegun abẹ́ ọrùn àti eegun ìhà àkọ́kọ́ ló fún iṣan tó ń lọ sí apá mọ́ àárín, pé obìnrin ló sì ń ṣe jù. Ó ní kó má gbé apá sókè ṣiṣẹ́ mọ́.

"Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "àfi tèmi tó di àìsàn." Ó ń dirun lọ.

Ìgbà tí wọ́n fi máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ti pẹ́ jù. Apá náà kò gbéra mọ́. Ó wá ń jókòó sí igun ṣọ́ọ̀bù, á máa wò mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi nìkan ni mò ń dirun. Oníbàárà mi ń tòògbé. Ó kùn pé, "Ọwọ́ yín kan mà tutù o." Mo dá ọwọ́ méjèèjì dúró. Lápá ọ̀tún, irun ń la ara rẹ̀, ó ń di ara rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo lanu láti ké.

"Má pariwo," ni ẹ̀gbọ́n mi wí jẹ́jẹ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọwọ́ mi ni. Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó padà wá."

Mo na ọwọ́ síbẹ̀. Mo kan ìka márùn-ún tó tutù bí omi kànga. Mo sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé." Ó rọra gbá mi lẹ́yìn ọwọ́, bí a ṣe ń tu ọlọ́fọ̀ nínú. Lẹ́yìn náà, n kò kan nǹkan kan mọ́. Irun tó ń dì lọ́wọ́ tú sílẹ̀.

"Kí ló wí?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ó ní òun ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì ṣí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó sì ń retí.