Èènì Oníbọ́tà Nínú Ààwẹ̀

Nasif ń ta bisikíìtì lórí ẹ̀rọ ayélujára láti inú yàrá kan ní àdúgbò wa, Shubra. Nígbà ààwẹ̀ ńlá tó ṣáájú Àjíǹde, tí àwa Kristẹni ibẹ̀ kì í fẹnu kan ẹran, ẹyin, wàrà tàbí bọ́tà, bisikíìtì tí wọ́n fi òróró pò ni gbogbo ilé ń wá. Ṣùgbọ́n èyí tó kù fún un láti ìgbà Kérésìmesì, tí wọ́n fi bọ́tà pò, ṣì pọ̀ nílẹ̀. Nasif bọ́ àkọlé ara páálí wọn kúrò, ó lẹ ti ààwẹ̀ mọ́ ọn, ó sì kéde lójú ìwé ọjà rẹ̀ lórí ayélujára pé: "Ra páálí méjì, gba ẹ̀kẹta léènì."

Èèyàn rọ́ wá bí eṣinṣin. Èmi Ìyá Habib wà lára wọn, nítorí ọ̀fẹ́ kì í kọjá lójú mi. Mo jẹ èènì náà, mo lá ìka. Mo pe Nasif lórí fóònù, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ní bí ààwẹ̀ bá ń dùn báyìí, kó má tán mọ́. Mo sọ fún un pé mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n ò ní fẹnu kan bọ́tà títí di Àjíǹde, kí Ọlọ́run lè gbé ọmọ-ọmọ mi dìde lórí ibùsùn àìsàn.

Láti ọjọ́ náà, Nasif ò ní ìsinmi mọ́. Bí fóònù bá dún, á rò pé ọmọ náà ti kú nítorí ẹ̀jẹ́ mi tí òun bà jẹ́. Bó bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ̀rín mi ni etí rẹ̀ ń gbọ́.

Ó lọ bá Bushra, ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàjámọ̀ tó mọ Olúwa. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá ní òun á kó páálí fún ṣọ́ọ̀ṣì, òun á kó fún àwọn aláìní, kí Ọlọ́run lè fojú fo ọ̀rọ̀ náà.

Bushra gbé abẹ sílẹ̀. "Ọmọ ìyá mi, ṣé Ọlọ́run náà ti di oníbàárà ẹ ni? O fẹ́ bá a dúnàádúrà? Sọ òtítọ́ fún àwọn tó o tàn jẹ."

"Tí mo bá sọ ọ́ síta, ọjà mi kú nìyẹn."

"Kó kú. Ìwọ ni Jésù kú fún, kò kú fún ọjà. Kò sí ohun tó o lè fi kún ohun tó ṣe."

Nasif kúnlẹ̀ sáàárín irun tí wọ́n gé dà sílẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Jésù, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tó dìde, ó kọ òtítọ́ síbi tó ti kọ irọ́. Wọ́n bú u tìyátìyá. Ẹnì kan ní kó lọ máa ta bọ́tà fún èṣù. Ọ̀pọ̀ ò padà wá mọ́.

Ó wá sílé mi, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, kò lè gbójú sókè. Mo ní, "Dìde, jàre. Ahọ́n mi ti ń fura, ikùn ló ní kó panu mọ́." Mo rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi. Àìsàn ọmọ náà kò tíì lọ. Ṣùgbọ́n Nasif ló ń kúnlẹ̀ tì mí báyìí tí a ń gbàdúrà fún un, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ níwájú Ọlọ́run.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ohun tí ìwọ nìkan mọ̀ ńkọ́? O ń ṣoore, ò ń lọ sílé ìsìn, síbẹ̀ oorun ò kùn ọ́. Má sọ pé ó di ọ̀la. Ọ̀la kì í ṣe tìrẹ. Níbi tí o jókòó sí yẹn, sọ ọ́ fún Jésù bó ti rí gan-an, má bu iyọ̀ sí i. Kò ní lé ọ.