Abọ́ Ẹ̀dọ̀ Ìyá Caroline

"Ṣaléwá! Gbé aṣọ yìí kúrò lẹ́sẹ̀ mi! Ó ń pa mí o!"

Aṣọ ìbora lásán ni Tíṣà Ọlágúnjú ń ké lé lórí báyìí. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wú, ó pọ́n, ó ń dán. Tíṣà tí gbogbo ọmọ iléèwé ní Èsìẹ́ ń sá fún, ẹ wò ó bó ṣe ń sunkún bí ọmọ ọwọ́!

Kwara kò tíì pẹ́ tó di ìpínlẹ̀ nígbà náà. Dókítà kan ní Ọ̀mù-Àrán ló sọ pé gáòtù ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ó fún Tíṣà lóògùn, ó ní kó máa mu omi dáadáa, kó jìnnà sí bíà, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ohun tó bá jẹ kí ẹsẹ̀ tó wú, torí ara ò dọ́gba. Ìyá Ṣaléwá kọ́kọ́ fura sí ẹ̀wà. Wọ́n yọ ẹ̀wà kúrò, ẹsẹ̀ tún wú. Ṣaléwá tó ń gbé oúnjẹ fún bàbá rẹ̀ ló wá rántí pé ẹ̀dọ̀ ni bàbá òun jẹ lálẹ́ àná, ẹ̀dọ̀ náà ló sì jẹ nígbà tó ṣáájú. Ẹni tó ń gbé ẹ̀dọ̀ ọ̀hún wá kì í ṣe ọ̀tá. Ìyá Caroline ni, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ, tó ń fi tọ́jú aláìsàn.

Kò pẹ́ sí i, ìyá Ṣaléwá lọ wẹ ọmọ fún ẹ̀gbọ́n Ṣaléwá tó bímọ ní Èkó. "Ìwọ nìyá ilé báyìí o," ló wí. "Má jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ kan ẹnu bàbá rẹ. Ìkórè ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ ìkórè yìí kì í ṣe kékeré. Tíṣà nìkan ló mọ dùùrù ìjọ tẹ̀, dùùrù tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ́ atẹ́gùn sí. Ó ti ní bí ẹsẹ̀ òun bá tún dá òun dúró lọ́tẹ̀ yìí, òun á dá kọ́kọ́rọ́ dùùrù padà, ó parí.

Ìyá Caroline tún dé. "Ẹ kúulé o! Ṣaléwá, gba èyí fún aláìsàn wa, kó fi gba agbára."

Ẹ̀dọ̀ ni, ó ń ta sánsán. Ṣaléwá wo abọ́ náà. Bó bá kọ̀ ọ́, ṣé wọn ò ní sọ pé májèlé ni àwọn ń fura sí? Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà." Òun àti Asisat ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ́ tán lẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tó dá abọ́ padà, ó ní, "Bàbá ní ó dùn gan-an ni."

Irọ́ yìí ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Inú Ìyá Caroline dùn, ó ròyìn fún ẹgbẹ́, ni abọ́ bá ń ya wọlé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ṣaléwá àti Asisat yọ. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí Ṣaléwá wà níléèwé, Ìyá Caroline gbé abọ́ fún Tíṣà fúnra rẹ̀. Ṣaléwá dé, ó rí abọ́ tó mọ́ fínnífínní.

"Bàbá! Kí lẹ jẹ?"

Tíṣà gbójú sókè àjà. "Ìyá yẹn ní gbogbo ìgbà ni mo máa ń gbádùn ẹ̀. Mo ní kí n má bá a jiyàn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbe aṣọ ìbora tún bẹ̀rẹ̀. Tíṣà na kọ́kọ́rọ́ dùùrù sí ọmọ rẹ̀, kò wojú rẹ̀. "Mú un lọ fún àlùfáà."

Ọkàn Ṣaléwá bàjẹ́. Kò lọ sọ́dọ̀ àlùfáà. Ibi tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ń ṣèpàdé ló gbà lọ, ó kúnlẹ̀ láàárín wọn, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ forí jì mí. Èmi ni mò ń jẹ ẹ̀dọ̀ tí ẹ ń gbé wá. Mo purọ́ fún yín."

Ìyá Caroline dìde. "Ṣé o rò pé a fi nǹkan sí i ni?"

"Rárá o, Mà! Ẹ̀dọ̀ gan-an ni kò bá ara Bàbá mu. Òun ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn wú. Ẹ̀rù ló bà mí, mo rò pé ẹ máa ní à ń fura sí yín ni."

Ìyá Caroline káwọ́ lérí. "Yéè! Èmi ni mo wá ń dá ọkùnrin yìí dùbúlẹ̀? Tí mo tún ń gé àlùbọ́sà sí i!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó fa Ṣaléwá dìde. "Ó yá, kí ló lè jẹ?"

"Wàrà, Mà. Ẹyin, ẹ̀fọ́, iṣu. Àti omi púpọ̀."

"Wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé kọjá lójúde mi láràárọ̀? Kí ló dé tí o ò ti sọ̀rọ̀?"

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìkórè, wíwú ẹsẹ̀ náà ti lọ sílẹ̀, àmọ́ kò tíì gba bàtà. Tíṣà gba kọ́kọ́rọ́ padà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó wọ bàtà lẹ́sẹ̀ kan, sálúbàtà lẹ́sẹ̀ kejì. Ṣaléwá jókòó tì í, ó ń bá a fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn lápá ọ̀tún. Bí ó bá gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀, dùùrù á ké bí ewúrẹ́, Tíṣà á sì wò ó kọ̀rọ̀. Síbẹ̀ orin ò dúró, ìjọ jó dé ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó fẹ́ràn wa kò lè mọ ohun tó ń pa wá lára bí a ò bá là á yé e. Òótọ́ tí Ṣaléwá ń bẹ̀rù kò dá ìjà kankan sílẹ̀. Irọ́ tó fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba dùùrù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Nígbà ọrẹ, Ìyá Caroline jó dé ìdí dùùrù, ó gbé abọ́ tó ní ìdérí lé e lórí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra sọ sétí Ṣaléwá.

"Wàrà ni. Bàbá ẹ ló ni ín o. Lọ́tẹ̀ yìí, bí o bá fi kan ẹnu, màá gbọ́!"