Ẹni Tó Ń Dáhùn fún Tóyọ̀sí

Orí ilẹ̀ yàrá ni wọ́n ti bá òkú Tóyọ̀sí lọ́sàn-án àná, tòun toyún oṣù mẹ́jọ. Ó ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Dókítà ní gìrì aboyún ni, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á.

Inú bí Oyèwùmí, obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá láti àgọ́ ọlọ́pàá Ọ̀tà. Láràárọ̀ ni ọsibítù ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi àwọn aboyún wọn: ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé ojú ń ṣe bàìbàì? Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mọ́tò á wá gbé e. Ó ṣí fóònù olóògbé. Èsì àná nìyí: "Ara mi le, nọ́ọ̀sì. Orí ò fọ́ mi. Ẹfúnkẹ́ ń tọ́jú mi dáadáa."

Àdúgbò ti nawọ́ sí Hàlímọ̀tù, ìyálé rẹ̀. Orogún kúkú ni, kí ni wọ́n tún ń wá?

"Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

"Lánàá, mà, kí n tó lọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàngó. Ó ní orí ń fọ́ òun, òun ò ríran dáadáa. Ìbàdíàrán ní nọ́ọ̀sì ti fèsì, pé kó sinmi."

"Ta ni Ìbàdíàrán?"

Hàlímọ̀tù nawọ́ sí Ẹfúnkẹ́, àbúrò ọkọ wọn, tó ń sunkún nídìí ògiri. "Àwa ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, mà. Tóyọ̀sí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Oyèwùmí kọjú sí Ìsmáílà, ọkọ. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà níbi iṣẹ́, mà, nílé iṣẹ́ ike. Ẹnu géètì la ń fi fóònù sí títí a ó fi jáde."

"Ẹfúnkẹ́, ta ló ń tẹ èsì fún Tóyọ̀sí?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, mà."

"Irọ́! Ẹni tí ò ríran? Ìyàwó ilé lèmi náà, mi ò pe àbúrò ọkọ mi lórúkọ rí. Tóyọ̀sí ò ní kọ Ẹfúnkẹ́, Hàlímọ̀tù náà ò ní kọ ọ́. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan lẹ ń pe orúkọ yẹn nílé yìí, òun sì wà níbi iṣẹ́. Kò sí èsì nọ́ọ̀sì kankan nínú fóònù yìí. Ó ní kó o bá òun kọ ìrora òun, o kọ àlàáfíà!"

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló jẹ sẹ́nu. Ẹkún gbẹ lójú Ẹfúnkẹ́.

"Ó tọ́ sí i," ó ní. "Lọ́dún tó kọjá, mò ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kó fi mọ́tò rẹ̀ wá gbé mi ní Iyana Iyesi. Tóyọ̀sí ló gbé fóònù. Ó ní ọkọ òun ń sùn, ó sì pa fóònù náà. Ọmọ mi kú. Mo ní kí òun náà ké, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́."

Ìsmáílà wó lulẹ̀.

"Mi ò sùn," ó ní. "Èmi ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀ mí títí kí n dìde. Ó rẹ̀ mí ni."

Ẹfúnkẹ́ tẹjú mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Oyèwùmí sì ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Ẹfúnkẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ tú mi sílẹ̀ díẹ̀," ó ní. "Mi ò tíì parí."